Ọsán Já, Ọrun Dọ̀pá: Ìtàn Ọrun Àtijọ́ àti Ọrun Òde Òní

  

Nígbà tí ìdíje Òlíńpíìkì ń lọ lọ́wọ́ ní ìlú Paris ní ọdún 2024, àwa àti àwọn ọ̀dọ́ kan jókòó ti ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Ọfà ni wọ́n ń ta. Ọrun tí àwọn tafàtafà náà gbé dání ya àwọn ọmọ wa lẹ́nu: ọ̀pá gígùn kan yọ síwájú, ọ̀pá kéékèèké méjì yà sí ẹ̀gbẹ́, ohun tí wọ́n fi ń fojú sun àmì sì wà lókè ibi tí wọ́n dì mú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní, "Bàbá, ṣé ọrun rèé ni àbí ẹ̀rọ?" Èkejì dá a lóhùn pé ohunkóhun tí ì bá à jẹ́, ọrun àwọn baba ńlá wa kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ni àgbàlagbà kan tí ó wà níbẹ̀ bá fà á yọ pé ojú ayé lásán ni, pé bí a bá gba gbogbo ọ̀pá wọ̀nyẹn lọ́wọ́ wọn, kò sí èyí tí ọfà rẹ̀ yóò ba igi ọ̀pẹ tí ó wà níwájú ilé. Àríyànjiyàn náà kò tán títí tí a fi pe ìrun Mọ̀gàríbì.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí àwọn ọmọ náà ti rò lọ. Ní ilé tí a gbé dàgbà, ọrun baba tí ó bí bàbá wa wà ní ìfikọ́ lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọdẹ ni bàbá náà kí ara tó di ara àgbà. Nígbà tí eku jẹ ọsán rẹ̀ já, kò sí ẹni tí ó tún un ṣe. Igi rẹ̀ ni a wá ń fi lé ewúrẹ́ kúrò nídìí èlùbọ́, àwa gan-an sì wà nínú àwọn ọmọ tí ó fi lé ewúrẹ́. Bàbá wà láyé nígbà náà, wọ́n jókòó sórí àga wọn, wọ́n ń wò wá. A kò bi wọ́n léèrè rí irú igi tí ọrun náà jẹ́, ohun tí wọ́n fi ṣe ọsán rẹ̀, tàbí bí wọ́n ṣe ń fà á. Ìgbà tí ó yé wa pé ó yẹ kí a bèèrè, bàbá ti wọ káà ilẹ̀. Ọsán já, ọrun dọ̀pá: òwe ni fún ẹlòmíràn, ní ilé tiwa ojú wa ni ó ṣe.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn ọrun àti ọfà fún yín, kí a lè mọ ohun tí ohun èlò titun ń ṣe sí eré ìdárayá, àti ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

ỌFÀ TÍTA NÍ ÌGBÀ ÀNÁBÌ

Nínú Súrà Al-Anfāl, āyà 60, Ọlọ́run pa á láṣẹ fún àwọn onígbàgbọ́ pé kí wọ́n pèsè gbogbo agbára tí ó bá wà ní ìkáwọ́ wọn sílẹ̀. Uqbah ọmọ Āmir gbọ́ nígbà tí Ànábì ń ṣàlàyé āyà yìí lórí mínbárì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó sọ ọ́ pé ọfà títa ni agbára náà. Muslim ni ó gbà á wá. Bukhari náà gba ìtàn kan wá láti ọ̀dọ̀ Salamah ọmọ al-Akwa'. Ànábì kọjá lọ́dọ̀ àwọn kan tí ó ń fi ọfà títa bá ara wọn díje. Ó gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n máa ta á lọ nítorí pé tafàtafà ni Ismail baba wọn, ó sì ní òun wà lẹ́yìn apá kan. Ni apá kejì bá dáwọ́ dúró, wọ́n ní báwo ni àwọn yóò ṣe ta ọfà sí apá tí Ànábì wà. Ó ní kí wọ́n máa ta á, òun wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Ẹ wo bí ìdíje ṣe dùn tó láàrin wọn, tí kò sì sí ìjà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí Abū Dāwūd àti Tirmidhī gbà wá, pé nípasẹ̀ ọfà kan ṣoṣo Ọlọ́run lè fi àlùjánnà ta ènìyàn mẹ́ta lọ́rẹ: ẹni tí ó fi èrò rere gbẹ́ ẹ, ẹni tí ó ta á, àti ẹni tí ó ń gbé e lé e lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn. Kì í ṣe ẹni tí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún nìkan ni eré jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó ṣe ohun èlò wà níbẹ̀, ẹni tí ó ń gbé e léni lọ́wọ́ wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun èlò kò lè dá nǹkan ṣe. Ní ogun Uhud, ní ọdún kẹta lẹ́yìn Hijira, èyí tí í ṣe ọdún 625, Ànábì fi tafàtafà àádọ́ta sórí òkè kékeré kan, ó fi Abdullah ọmọ Jubayr ṣe olórí wọn, ó sì kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe kúrò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọ̀tá ń sá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ̀kalẹ̀ lọ kó ẹrù ogun. Ọ̀tá gba ẹ̀yìn wọlé, ogun sì yí padà. Ọrun tí wọ́n gbé gun òkè náà kò di ọrun mìíràn láàrin wákàtí kan. Ìgbọràn ni ó kúrò lọ́wọ́ wọn.

ỌRUN ÀLẸ̀PỌ̀

Oríṣi ọrun méjì pàtàkì ni ayé àtijọ́ mọ̀. Èkínní ni ọrun onígi kan, tí a gbẹ́ láti ara igi tàbí ọparun, irú èyí tí ó pọ̀ nílẹ̀ wa àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí irú ọrun yìí bá kúrú, tí a sì fà á jù, yóò kán. Nítorí náà ni ọrun ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi gùn tó ènìyàn ní ìdúró, ẹlòmíràn tilẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkejì ni ọrun àlẹ̀pọ̀. Kì í ṣe àwọn Mùsùlùmí ni ó kọ́kọ́ ṣe é; àwọn darandaran tí ń gun ẹṣin ní àárín gbùngbùn Asia, àwọn ará Páṣíà àti àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ti ń lò ó ṣáájú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí, pàápàá àwọn ará Tọ́kì, ni ó ti dé ògógóró rẹ̀. Igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe àárín rẹ̀. Wọ́n lẹ ìwo ẹfọ̀n mọ́ inú rẹ̀, ìyẹn apá tí ó kọjú sí ẹni tí ń ta á, nítorí pé ìwo kì í tètè fọ́ bí a bá fún un pọ̀. Wọ́n wá lẹ iṣan ẹran mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé iṣan kì í tètè já bí a bá nà án. Oje tí wọ́n sè láti inú iṣan, awọ àti ẹja ni wọ́n fi ń lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí a bá tú ọsán rẹ̀, ọrun náà yóò ká padà sí òdì bí ẹni fẹ́ di òrùka. Láti kó ọsán sí i, ẹni tí kò kọ́ ọ kò gbọdọ̀ dán an wò.

Iṣẹ́ sùúrù ni. Oje náà ní láti gbẹ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ọrun kan sì lè gbà ju ọdún kan lọ kí ó tó ṣeé fà. Nígbà tí ó bá parí, kò gùn ju mítà kan àti díẹ̀ lọ, ẹni tí ó wà lórí ẹṣin lè yí i sí ọ̀tún àti sí òsì, agbára rẹ̀ sì lé ti ọrun onígi gígùn. Àléébù rẹ̀ kan ni omi. Bí ọ̀rinrin bá wọ inú rẹ̀, oje yóò rọ̀, ọrun yóò sì tú. Nínú igbó kìjikìji bíi tiwa, ọrun àlẹ̀pọ̀ kì bá tí pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Ọ̀dọ́ tí ó ń fi ojú kéré ọrun onígi àwọn baba ńlá wa, kí ó mọ̀ pé igi ni òjò ilẹ̀ wa gbà fún wọn.

Àwọn Mùsùlùmí kò fi ìmọ̀ yìí sí orí nìkan. Ní ìgbà ìjọba àwọn Mamluk ní Íjíbítì àti Síríà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Taybugha al-Baklamishi kọ ìwé ní nǹkan bí ọdún 1368 lórí bí a ṣe ń ta ọfà. Ó ṣàlàyé bí a ṣe ń dúró, bí a ṣe ń di ọrun mú, àti bí a ṣe ń fi àtàǹpàkò tí a wọ̀ ní òrùka fa ọsán. Ẹ jẹ́ kí a rántí ìwé yìí, nítorí a óò padà sí ìdí rẹ̀.

PÁPÁ ỌFÀ NÍ ISTANBUL

Lẹ́yìn tí Sultan Mehmed Kejì gba ìlú Istanbul ní ọdún 1453, ó ya ilẹ̀ gbọọrọ kan sọ́tọ̀ fún ọfà títa. Okmeydanı ni wọ́n ń pe ibẹ̀ títí di òní, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pápá ọfà. Ọmọ rẹ̀, Sultan Bayezid Kejì, kọ́ ilé kan sí ibẹ̀ fún àwọn tafàtafà. Wọ́n ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní olórí, wọ́n ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ sí. Àṣà wọn ni pé kí ènìyàn ṣe àlùwàlá kí ó tó wọ pápá náà, bí wọ́n bá sì ń jọ̀wọ́ ọfà, orúkọ Ọlọ́run, Yā Haqq, ni ó máa ń wà lẹ́nu wọn.

Ọmọ ẹ̀kọ́ kì í kọ́kọ́ ta ọfà. Ọrun rírọ̀ kan ni wọn yóò fún un pé kí ó máa fà, lójoojúmọ́, fún ìgbà pípẹ́, títí ara rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni yóò tó gba ọrun líle. Kí wọ́n tó lè kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ó gbọ́dọ̀ ta ọfà jìnnà dé 900 gez lójú àwọn ẹlẹ́rìí, èyí tí ó tó nǹkan bí 594 mítà. Bí ó bá ṣe é, olùkọ́ rẹ̀ yóò fún un ní ìjásà, yóò sì gbé ọrun lé e lọ́wọ́ ní gbangba. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó níwájú áàfáà mọ ohun tí ìjásà jẹ́: ẹni tí ó gbà á yóò lè sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí òun ti gbà á, àti ọ̀dọ̀ ẹni tí olùkọ́ òun ti gbà á, lọ títí.

Ẹni tí ó bá ta ọfà jìnnà ju ti ẹni iṣáájú lọ, wọn yóò ri òkúta mọ́lẹ̀ níbi tí ọfà rẹ̀ balẹ̀ sí, wọn yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sára òkúta náà. Sultan pàápàá kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọfà tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún Sultan Selim Kẹta ní ọdún 1798 lọ jìnnà tó 889 mítà. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún kan náà, akọ̀wé aṣojú ilẹ̀ Tọ́kì ní London, Mahmud Effendi, fi ọrun kékeré rẹ̀ ta ọfà níwájú àwọn tafàtafà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọfà rẹ̀ kọjá 400 yáàdì. Ẹnu ya àwọn tí ó wòran.

BÍ ỌSÁN ṢE JÁ

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ sí irú iṣẹ́ ńlá báyìí? Ọ̀pọ̀ yóò sọ pé ìbọn ni. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Ìbọn ti wọ inú ogun àwọn Ottoman tipẹ́tipẹ́ kí Selim Kẹta tó ta ọfà rẹ̀. Ìbọn lé ọrun kúrò lójú ogun, kò lé e kúrò lórí pápá. Nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn tí ọrun ti ń pàdánù ipò rẹ̀ lójú ogun, àwọn ènìyàn ṣì ń fi òkúta sàmì sí ibi tí ọfà wọn dé. Sultan Mahmud Kejì, ẹni tí ó tú àwọn ọmọ ogun Janissary ká ní ọdún 1826 láti lè kọ́ ọmọ ogun titun tí ń lo ìbọn, òun kan náà ni ó fẹ́ràn ọfà títa jù. Ní ìgbà ayé rẹ̀ ni Mustafa Kani kọ ìwé ńlá lórí iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn ikú Mahmud ní ọdún 1839 ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́. Ààfin kò bìkítà mọ́, àwọn ọlọ́lá ń wá eré mìíràn kiri. Àwọn tí ń ṣe ọrun kò rí ẹni tí yóò rà á, nítorí náà wọn kò rí ọmọ iṣẹ́. Nígbà tí ó di ọdún 1925, ìjọba titun ilẹ̀ Tọ́kì ti gbogbo ilé àwọn ẹgbẹ́ àtijọ́ pa. Ilẹ̀ Okmeydanı di ilé gbígbé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkúta tí a kọ orúkọ sí sì sọnù.

Ọkùnrin kan tí a gbọ́dọ̀ dárúkọ nínú ìtàn yìí ni Necmeddin Okyay. Wọ́n bí i ní ọdún 1883 ní Üsküdar. Lẹ́mọ́mù ni, ọ̀gá sì ni nínú iṣẹ́ ọnà ìkọ̀wé Lárúbáwá àti fífi àwọ̀ ṣe ọnà sára bébà. Ó tún kọ́ ọfà títa lọ́dọ̀ àwọn àgbà tí ó kù. Nígbà tí ìjọba ṣòfin ní ọdún 1934 pé kí olúkúlùkù mú orúkọ ìdílé, Okyay ni ó mú. Ní èdè Tọ́kì, ok ni ọfà, yay ni ọrun. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ń ju ọrun nù, lẹ́mọ́mù yìí fi í ṣe orúkọ. Ní ọdún 1937 wọ́n dá ẹgbẹ́ ọfà títa kan sílẹ̀ ní Istanbul, ó sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kò pẹ́. Ó kú ní ọdún 1976.

Ẹ kíyè sí i pé ní gbogbo ìgbà yìí, kò sí ọrun titun kan tí ó wá sí Okmeydanı láti fi ìdíje borí ọrun ìwo. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé àgbà ń kú, ọmọdé kò sì bèèrè.

OHUN ÈLÒ TITUN

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fi fáíbágíláàsì ṣe ọrun. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà láàrin, fáíbágíláàsì wà nínú, fáíbágíláàsì wà lẹ́yìn, a sì fi gọ́ọ̀mù líle lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àbí ẹ̀yin náà kò rí i? Ọrun àlẹ̀pọ̀ náà ni. Wọ́n yọ ìwo àti iṣan, wọ́n fi ohun tí omi kò lè bà jẹ́ rọ́pò wọn. Lẹ́yìn náà ni kábọ́ọ̀nù dé. Ọfà tí í ṣe igi tẹ́lẹ̀ di alumíníọ̀mù, ó sì tún di kábọ́ọ̀nù. Irú ọrun yìí, tí orí rẹ̀ ré síwájú, tí wọ́n ń pè ní recurve, ni wọ́n ń lò ní Òlíńpíìkì láti ìgbà tí ọfà títa ti padà síbẹ̀ ní ọdún 1972. Àwọn ọ̀pá tí ó ya àwọn ọmọ wa lẹ́nu, ìwúwo wọn ni wọ́n wà fún, kí ọrun má baà gbọ̀n lọ́wọ́.

Èyí tí ó yàtọ̀ pátápátá ni ti Holless Wilbur Allen, ará ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí rẹ̀ ní ọdún 1969. Ó fi kẹ̀kẹ́ róbótó kéékèèké sí orí ọrun méjèèjì, ó sì gba okùn kọjá lára wọn. Pẹ̀lú ọrun àtijọ́, bí o bá ṣe ń fà á ni ó ń le sí i; ibi tí o ti fẹ́ fojú sun àmì gan-an ni ó ti le jù. Pẹ̀lú ọrun Allen, tí wọ́n ń pè ní compound, líle rẹ̀ wà láàrin; nígbà tí o bá fà á dé òpin, kẹ̀kẹ́ ti gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ. O lè dúró, kí o mí, kí o fojú sùn ún. Àwọn tí ń lò ó tún ń fi irin kékeré kan bí ohun ìfàsílẹ̀ ìbọn jọ̀wọ́ ọsán, wọ́n sì ń fi awò tí ń sọ nǹkan di ńlá wo àmì.

ÈWO NI Ó DÁRA JÙ?

Bí a bá wo bí ọfà ṣe lè jìnnà tó, ti òde òní borí. Ní ọdún 1987, ará Amẹ́ríkà kan, Don Brown, fi ọrun recurve òde òní ta ọfà dé 1,222 mítà. Ti Selim jẹ́ 889. Ìyàtọ̀ wà, a kò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ronú pé ọdún 189 ni ó wà láàrin àwọn méjèèjì, àti pé igi, ìwo àti iṣan ni tọ̀hún. Ẹni tí ó bá pe irú ọrun bẹ́ẹ̀ ní ohun eré ọmọdé kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Ẹni tí ó bá sì pe ti òde òní ní ẹ̀tàn, òun náà kò tọ̀nà. Ẹ̀tàn ni bí ẹnì kan bá lo ohun tí wọn kò gbà fún ẹnìkejì. Ìdí nìyí tí òfin fi wà. Àjọ tí ń ṣàkóso ọfà títa lágbàáyé pín àwọn ọrun sí ìsọ̀rí. Ẹni tí ń lo recurve ń ta á láti 70 mítà, kò sì gbọdọ̀ lo awò tí ń sọ nǹkan di ńlá tàbí irin ìfàsílẹ̀. Ẹni tí ń lo compound ń ta tirẹ̀ láti 50 mítà sí àmì tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìsọ̀rí mìíràn sì wà fún àwọn tí kò fẹ́ ohun ìfojúsùn kankan lára ọrun wọn. Compound wọ ìdíje àgbáyé ní ọdún 1995, ṣùgbọ́n títí di ti Paris, recurve nìkan ni Òlíńpíìkì gbà. Ní ọdún 2025 ni wọ́n kéde pé ìdíje compound kan, ti ọkùnrin àti obìnrin pọ̀, yóò wà ní Los Angeles ní ọdún 2028.

Ibi tí òfin kò bá ti tètè dé, ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn òmùwẹ̀. Ní ọdún 2008 àti 2009, aṣọ ìwẹ̀ kan dé tí ó ń mú ara léfòó, tí ó sì ń yọ̀ nínú omi. Ní ìdíje àgbáyé ti Rome ní ọdún 2009, ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélógójì ni wọ́n fọ́ àmì ìṣáájú àgbáyé. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ mọ́ bóyá ẹni náà ni ó yára ni o, tàbí aṣọ rẹ̀. Wọ́n fòfin de aṣọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010. Bí aṣọ bá ń lúwẹ̀ẹ́ fún ènìyàn, ta ni a fẹ́ fún ní ẹ̀bùn?

Ṣùgbọ́n nínú ọfà títa, ọrun kò tíì ta ara rẹ̀. Ẹ̀rí kan tó fún wa. Láti ọdún 1988 tí ìdíje ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ fún àwọn obìnrin ní Òlíńpíìkì títí di Paris 2024, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni wọ́n ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá náà ni àwọn obìnrin Gúúsù Kòríà gba wúrà. Irú ọrun tí wọ́n ń lò wà lọ́jà fún gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó bá lówó lọ́wọ́. Ohun tí kò sí lọ́jà ni ìgbà tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ wọn láti kékeré, àti olùkọ́ tí òun náà ti ní olùkọ́.

BÍ WỌ́N ṢE TÚN ỌSÁN SO

A ti ní a óò padà sí ọ̀rọ̀ ìwé. Nígbà tí ọwọ́ kò ráyè fi lé ọwọ́ mọ́, ìwé ni ó di ọsán náà mú. Ní ọdún 1934, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà kan, Paul Klopsteg, gbé ìmọ̀ tí ó wà nínú ìwé Mustafa Kani jáde fún àwọn tí kò gbọ́ èdè Tọ́kì. Ní ọdún 1945, Nabih Amin Faris àti Robert Elmer túmọ̀ ìwé Lárúbáwá kan lórí ọfà títa sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1970, Latham àti Paterson gbé ìwé Taybugha jáde, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà. Láti inú irú ìwé wọ̀nyí àti lára àwọn ọrun tí ó wà ní ilé ìṣúra àtijọ́, àwọn ènìyàn tún kọ́ bí a ṣe ń lẹ ìwo mọ́ igi àti bí a ṣe ń fi àtàǹpàkò fa ọsán. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ ń ta ọrun ìwo lẹ́ẹ̀kan sí i ní ilẹ̀ Tọ́kì. Wọ́n ti tún ilé àwọn tafàtafà kọ́ ní Okmeydanı, àjọ UNESCO sì kọ ọfà títa ìbílẹ̀ ilẹ̀ Tọ́kì sínú ìwé àṣà tí ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú ní ọdún 2019. Ní ọdún 2021, ọmọ ilẹ̀ kan náà, Mete Gazoz, gba wúrà ọfà títa ní Òlíńpíìkì ti Tokyo. Recurve òde òní ni ó lò. Ti àtijọ́ kò dí ti titun lọ́wọ́, titun kò sì pa ti àtijọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá bi ara wa léèrè. Àwa tí àwọn baba wa ní ọrun, tí wọ́n ní apó, tí ìlú ńlá bí Ọ̀fà ń tọ́ka sí Ọlálọmí Ọlọ́fàgangan tí í ṣe tafàtafà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ dó, ìwé wo ni a kọ sílẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ọrun? Ìbọn dé, ọdẹ gbé ọrun kọ́ ara ògiri. A kò lè bá ìbọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní kí a má bèèrè? Bí ó ti rí fún ọrun ni ó rí fún ìjàkadì, ayò ọlọ́pọ́n àti àwọn eré mìíràn tí àwọn àgbà ilé mọ̀ tí àwọn ọmọ kò mọ̀ mọ́.

Nínú ìwé Muslim kan náà, Uqbah tún gbà á wá pé Ànábì kò fọwọ́ dẹngbẹrẹ mú ẹni tí ó ti kọ́ ọfà títa, tí ó sì wá pa á tì. Ó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sí nínú wa. Bí ìkìlọ̀ bá tó báyìí fún ẹni tí ó kọ́ ọ tí ó pa á tì, kí ni kí a sọ fún àwa tí a kò tilẹ̀ bèèrè?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí ẹ bá rí ọrun oníkẹ̀kẹ́, bàtà titun tàbí bọ́ọ̀lù titun, ẹ gbà á, ẹ kọ́ ọ, ẹ tẹ̀lé òfin rẹ̀. Ọgbọ́n ọmọ aráyé ni, kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìsinmi yìí tó parí, kí olúkúlùkù yín mú bírò àti ìwé, kí ó jókòó ti àgbà kan nínú ilé rẹ̀, kí ó bèèrè eré tí wọ́n ṣe nígbà èwe, ohun tí wọ́n fi ṣe ohun èlò rẹ̀, àti ẹni tí ó kọ́ wọn. Ẹ kọ orúkọ olùkọ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má ṣe lé wọn.

Ọrun bàbá wa ti di ọ̀pá, a kò lè tún un so mọ́. Bóyá èyí tí ó wà lára ògiri tiyín ṣì ní ọsán. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ó já mọ́ wa lọ́wọ́. Àmín.